Frederick Alexander: Ẹni tí ohùn rẹ̀ há, tí ó di olùkọ́ ìdúró ara

Ìgbà tí kòkó bá pọ́n ní Ọ̀wẹnà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, owó nìkan kọ́ ni àgbẹ̀ ń kó wálé. Ẹ̀yìn ríro, ọrùn líle àti èjìká tí kò ṣeé gbé sókè máa ń bá a wálé pẹ̀lú. Láti àárọ̀ ni yóò ti na ọrùn sókè, tí yóò máa fi igi gígùn tí wọ́n so ọ̀bẹ mọ́ lórí ká kòkó. Nígbà tí ó bá di fífọ́, yóò jókòó ti òkìtì, yóò tẹ ẹ̀yìn kọrọdọ títí oòrùn yóò fi rọ̀. Àwọn obìnrin ni yóò ru kòkó tútù láti inú oko dé ibi tí wọn yóò ti sá a. Nígbà tí ó bá gbẹ tán, àpò kan ṣoṣo wúwo ju kìló 60 lọ, ènìyàn ni yóò sì gbé e sínú ọkọ̀.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, òrí ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi wọ́ ara. Ẹlòmíràn á rì aṣọ bọ omi gbígbóná, á fi jó ẹ̀yìn. Bí ó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á wá àwọn tí ń to eegun lọ. Ara yóò sì fúyẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìrora náà yóò tún ti padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, bí àlejò tí ó mọ ọ̀nà ilé.

Ọkùnrin kan wà tí ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ wádìí ìdí tí irú ìrora bẹ́ẹ̀ fi ń padà. Kì í ṣe dókítà, kò sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Frederick Matthias Alexander ni orúkọ rẹ̀, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n sì fi ń pe ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀, èyí tí àwọn òṣèré, akọrin àti àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn ń kọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé títí di òní. Ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ kò tẹ́jú rárá. Wọ́n pè é ní ayédèrú oníṣègùn nínú ìwé tí a tẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé-ẹjọ́ ní ìlú Johannesburg, lórí ilẹ̀ Áfíríkà yìí.

Ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 1869 ni wọ́n bí i nítòsí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Wynyard, ní erékùṣù Tasmania tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Ọsirélíà. Òun ni àkọ́bí. Bàbá rẹ̀, John, jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ìyá rẹ̀, Betsy, a máa gbẹ̀bí fún àwọn aládùúgbò. Ìran alágbàṣe oko ni wọ́n. Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dè ní ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n sì kó lọ sí erékùṣù náà, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1830, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ oko ń fọ́ ẹ̀rọ ìpakà nítorí pé ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Oṣù Alexander kò tíì pé tí wọ́n fi bí i, mímí sì máa ń nira fún un ní kékeré. Nítorí àìlera yìí, kò lè dúró pẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ abúlé náà ni ó ń kọ́ ọ lọ́tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òun ni ó sì gbin ìfẹ́ eré Shakespeare sí i lọ́kàn. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́langba, ó gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ tí ń wa kùsà ní Mount Bischoff, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta tu owó jọ níbẹ̀. Ní ọdún 1889, ó kó ẹrù rẹ̀, ó kọjá lọ sí ìlú Melbourne.

Ohun tí ó fẹ́ ṣe jẹ ní Melbourne ni kí ó máa ka ewì àti eré Shakespeare láti orí níwájú èrò. Iṣẹ́ gidi ni èyí jẹ́ nígbà náà. Rédíò kò tíì dé, sinimá kò tíì dé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sì sí. Ọ̀fun olúkúlùkù ni ó ń gbé ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Àwọn onírárà àti oníjàálá ilẹ̀ Yorùbá mọ bí iṣẹ́ náà ti rí.

Kò pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Nígbà mìíràn, kò ní tíì ka ewì dé ìdajì tí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ. Àwọn tí ó jókòó níwájú a tún máa sọ fún un pé àwọn ń gbọ́ bí ó ti ń fa èémí wọlé láti ẹnu. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì ní kí ó fún ohùn ní ìsinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ ìtàgé pàtàkì kan tó pé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ dá ṣáká nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó parí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹlòmíràn ìbá ti yí dókítà padà, tàbí kí ó yí iṣẹ́ padà. Alexander jókòó, ó rò ó. Bí ohùn bá dára kí òun tó gun orí ìtàgé, tí ó sì ti bàjẹ́ kí òun tó sọ̀kalẹ̀, a jẹ́ pé ohun kan wà tí òun ń fi ọwọ́ ara òun ṣe lórí ìtàgé tí ó ń ba ohùn náà jẹ́. Ó bi dókítà bóyá ohun náà yé e. Dókítà náà kò lè sọ ohun tí ó jẹ́. Alexander padà sílé, ó gbé dígí ka iwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara rẹ̀.

Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ lásán, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewì bí ẹni tí ó wà níwájú èrò ni àṣírí tú. Bí ó bá ti fẹ́ la ẹnu, yóò kọ́kọ́ fa orí sẹ́yìn, yóò tẹ gògóńgò mọ́lẹ̀, yóò sì fa èémí gba ẹnu wọlé tariwotariwo. Nígbà tí ó túbọ̀ fojú sí i, ó rí i pé òun ń ṣe é nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀ lásán pàápàá, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Àyà rẹ̀ ń yọ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń kúrú, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń di ilẹ̀ mú bí ẹni tí ìjì fẹ́ gbé lọ. Ẹnìkan tí ó kọ́ ọ ní eré ni ó ti sọ fún un rí pé kí ó máa fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú, ó sì gbọ́ràn ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tó yá, dígí kan kò tó mọ́. Ó gbé méjì sí i sí ẹ̀gbẹ́ kìíní àti ìkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le nìyí. Ó pinnu pé òun yóò máa jẹ́ kí orí lọ síwájú díẹ̀ dípò kí òun máa fà á sẹ́yìn. Ó ṣe é, ó sì dá a lójú hán-ún pé òun ti ṣe é. Ó wo dígí: orí náà ṣì ń lọ sẹ́yìn bíi ti tẹ́lẹ̀, àní ó tún le sí i. Ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un pé ó tọ́ kọ́ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Èyí ya á lẹ́nu ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tí ó ti ń tẹ̀ sí ọ̀tún fún 20 ọdún, bí wọ́n bá mú un nà tán, yóò máa bú ni pé wọ́n tẹ òun sí òsì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rẹ̀ rí. Bí ẹ bá sì sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó nàró, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò kó àyà jáde, yóò fa orí sẹ́yìn, yóò fi líle kún líle.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi dá a wò, ó sì dé orí ìpinnu tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé. Ó rí i pé àṣà tó ti mọ́ ara kì í dúró kí ènìyàn tó sọ̀rọ̀ tàbí kí ó tó dìde. Ní kété tí èrò àtidìde bá ti wọ inú ọkàn ni ọrùn ti ń le. Nítorí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ dúró láàárín èrò àti ìṣe. Yóò ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò sì kọ̀, kò ní sọ ọ́. Láàárín àyè kékeré yẹn ni yóò ti máa fi ọkàn rò ó pé kí ọrùn dẹ̀, kí orí yọ síwájú àti sókè, kí ẹ̀yìn gùn kí ó sì fẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó lè sọ̀rọ̀, ó lè gbé ọwọ́ sókè dípò rẹ̀, ó sì lè má ṣe nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni àṣà àtijọ́ náà ń tú. Ohùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò, mímí tí ó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti kékeré sì rọrùn pẹ̀lú.

Yorùbá a máa sọ pé orí ni ó ń ṣáájú ẹni, àyànmọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Ti Alexander yàtọ̀: orí tí a fi ń dé fìlà gan-an ni ó ń sọ, èyí tí ó wúwo tó nǹkan bíi kìló 5 lára àgbàlagbà, tí ó sì wà ní ṣóńṣó eegun ẹ̀yìn. Bí ó bá wà níbi tí ó yẹ, iṣan ọrùn kò ní í ṣe wàhálà púpọ̀ láti gbé e. Bí wọ́n bá fà á sẹ́yìn tàbí tí wọ́n jẹ́ kí ó kọ́ síwájú, iṣan ọrùn àti ti ẹ̀yìn ni yóò máa dì í mú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, yálà olúwa rẹ̀ ń fọ́ kòkó ni o, tàbí ó ń tẹ fóònù.

Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i pé ohùn rẹ̀ ti là, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, òṣèré àti oníwàásù ni wọ́n pọ̀ jù. Ẹnu ni ó kọ́kọ́ fi ń kọ́ wọn. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé ẹnu kò lè ṣe é, nítorí ara wọn ń tan àwọn náà jẹ bí ó ti tan òun jẹ. Ìgbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọwọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Albert, kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà sì di olùkọ́.

Ó dára kí ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe yé ènìyàn, nítorí pé kì í ṣe wíwọ́ ara. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í bọ́ aṣọ, wọn kì í fi òróró pa á, eegun rẹ̀ kì í sì í ró kàkà. Yóò jókòó lórí àga lásán. Olùkọ́ yóò fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ àti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, jẹ́jẹ́, yóò ní kí ó má ṣe gbìyànjú láti dìde, kí ó kàn jẹ́ kí ọrùn dẹ̀. Ọwọ́ náà yóò sì darí orí rẹ̀ síwájú àti sókè, ara ìyókù yóò tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá ara rẹ̀ lórí ìnàró láìmọ ìgbà tí ó dìde. Àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ yìí sábà máa ń sọ pé ara wọn fúyẹ́. Alexander kò pè wọ́n ní aláìsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń pè wọ́n, ẹ̀kọ́ ni ó pe ohun tí ó ń tà fún wọn, ó sì tà á ní owó gọbọi.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Sydney, Stewart McKay, ni ó rọ̀ ọ́ pé kí ó gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Owó ọkọ̀ ni kò sí. Alexander fẹ́ràn ẹṣin púpọ̀, wọ́n sì ní tẹ́tẹ́ ẹṣin tí ó jẹ ni ó fi wọ ọkọ̀ ní ọdún 1904. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ kò fi èyí pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò fi tẹ́tẹ́ sílẹ̀ títí ó fi darúgbó.

Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àwọn òṣèré ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á, Henry Irving wà lára wọn. Ní ọdún 1910, ó tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Man's Supreme Inheritance. Òǹkàwé Yorùbá tí ó bá ṣí ìwé yìí yóò bá ohun tí ó korò pàdé. Alexander pín ọmọ aráyé sí ọ̀làjú àti aláìlajú, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìtàbùkù nípa àwọn aláwọ̀ dúdú, bí ẹni pé wọn kò ní làákàyè tí ènìyàn fi ń darí ara rẹ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó ìgbà náà, ṣùgbọ́n wíwọ́pọ̀ rẹ̀ kò sọ ọ́ di òtítọ́. Ẹni tí ó fi ọdún gbọọrọ wo orí àti ọrùn ara rẹ̀ nínú dígí kò fi dígí náà wo èyí.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ibi tí ó ti pani lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin yìí lè ru ẹrù tí ó tó ìdá márùn-ún ìwúwo ara wọn láìlo agbára kankan ju èyí tí wọ́n fi ń rìn lásán lọ. Ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń sanwó kọ́, pé kí orí àti ẹ̀yìn bá ara wọn mu nígbà tí ènìyàn ń rìn, àwọn obìnrin tí ó ń ru igbá lọ́nà oko ti ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́. Èyí kò sọ pé ẹrù kì í pa ni lára o. Ẹrù tí ó bá ju agbára lọ, tí wọ́n sì ń rù lójoojúmọ́, a máa ba ọrùn jẹ́, kò sí bí ìrìn ti lè dára tó.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, Alexander kọjá sí New York. Ibẹ̀ ni John Dewey, ọ̀mọ̀ràn tí ìwé rẹ̀ yí ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà padà, ti wá bá a ní nǹkan bí ọdún 1916, pẹ̀lú ọrùn tí ó le gan. Dewey jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀kọ́ náà títí ó fi kú, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí mẹ́ta nínú ìwé mẹ́rin tí Alexander kọ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn gbajúmọ̀ mìíràn: òǹkọ̀wé Aldous Huxley ní ọdún 1935, Bernard Shaw nígbà tí ó ti pé ẹni 80 ọdún, àti Stafford Cripps tí ó di mínísítà ètò ìṣúná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1931 ni Alexander gbà láti máa kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ ẹlòmíràn, ọdún mẹ́ta gbáko sì ni ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1937, dókítà 19 kọ lẹ́tà sí ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ Alexander kún ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tí yóò di dókítà. Wọn kò gbà fún wọn.

Ọ̀ràn Gúúsù Áfíríkà ni ó dà bí ẹni pé yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Irene Tasker, ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ti lọ sí Johannesburg ní ọdún 1935, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀. Lára àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Raymond Dart, ẹni tí ó ṣàlàyé agbárí ọmọdé Taung fún ayé ní ọdún 1925, tí ó sì fi hàn pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ wo egungun àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ méjì rìn kò rí ọ̀rọ̀ ìdúró ara bí eré. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ní Transvaal náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé kí wọ́n mú ẹ̀kọ́ yìí wọ ilé-ìwé.

Èyí bí Dókítà Ernst Jokl nínú, nítorí òun ni ó ń rí sí ètò eré ìdárayá fún ìjọba. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àpilẹ̀kọ gígùn kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ìjọba tí ń jẹ́ Manpower, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Alexander, ó pe iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ ayédèrú oníṣègùn, ó sì pè é ní ewu fún ará ìlú. Alexander ní kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Wọ́n kọ̀. Ó gbé Jokl àti àwọn méjì mìíràn lọ sílé-ẹjọ́ fún ìbanilórúkọjẹ́, ó ní kí wọ́n san 5,000 pọ́n-ùn.

Ogun àgbáyé kejì fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, ní oṣù kejìlá ọdún 1947, Alexander ṣubú, àrùn rọpárọsẹ̀ sì kọlù ú. Ẹni 78 ọdún ni nígbà náà. Apá òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ni ó sì rò pé ó ti parí. Kò lè lọ sí Johannesburg, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ni ó lọ jà á.

Oṣù kejì ọdún 1948 ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níwájú adájọ́ kì í ṣe kékeré: ǹjẹ́ ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí ìṣègùn lè fi ọwọ́ kan ènìyàn, kí ó sì gba owó, láìjẹ́ pé ó jẹ́ oníjìbìtì? Àwọn dókítà jẹ́rìí fún un, àwọn dókítà sì jẹ́rìí takò ó. Kò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ nínú àwọn ìwé rẹ̀, nítorí ó máa ń sọ ju bí ó ti yẹ lọ nípa ohun tí ẹ̀kọ́ náà lè ṣe. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin, adájọ́ dá a láre: Jokl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bà á lórúkọ jẹ́, kí wọ́n san 1,000 pọ́n-ùn fún un pẹ̀lú owó ẹjọ́. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé-ẹjọ́ sì dà á nù ní ọdún 1949. Ohun tí ìdájọ́ náà sọ ni pé ọkùnrin náà kì í ṣe oníjìbìtì. Kò sọ pé gbogbo àlàyé rẹ̀ nípa ara ènìyàn ni òtítọ́ sáyẹ́ǹsì, àwọn tí ń gbé ìròyìn ìṣẹ́gun náà kiri lẹ́yìn náà a sì máa gbàgbé ìyàtọ̀ yìí.

Alexander fúnra rẹ̀ ti dìde. Àwọn ọ̀nà tí ó fi ń kọ́ ẹlòmíràn ni ó lò fún ara rẹ̀, kí ọdún 1948 sì tó parí, ọwọ́ rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ní ọwọ́ náà tilẹ̀ mọ iṣẹ́ jù lẹ́yìn àìsàn yẹn lọ. Ó ń kọ́ni títí di ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó kú. Ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 1955 ni ó kú ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní ẹni 86 ọdún. Kò yan àrólé, àwọn tí ó kọ́ sì ṣe awuyewuye láàárín ara wọn nípa ẹni tí ó mọ ọ̀nà baba jù, kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1958.

Ẹ̀rí tí àwọn oníṣègùn ń béèrè kò tètè dé. Ní ọdún 1973, nígbà tí Nikolaas Tinbergen gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwádìí rẹ̀ lórí ìwà ẹranko, ó lo apá tí ó pọ̀ nínú àsọyé rẹ̀ láti yin Alexander. Ìyìn ni ìyẹn, kì í ṣe ìwádìí. Ọdún 2008 ni ìwádìí gidi jáde. Ènìyàn 579 tí ẹ̀yìn ti ń dùn lemọ́lemọ́ ni wọ́n pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wọ́ ara fún àwọn kan nígbà mẹ́fà, àwọn kan gba ẹ̀kọ́ Alexander 6, àwọn kan gba 24, ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí kò gba nǹkan kan kún un ń jẹ̀rora ní ọjọ́ 21 nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ 24 ń jẹ tiwọn ní ọjọ́ 3. Wíwọ́ ara dára gan-an ní oṣù kẹta, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yípo, ọ̀pọ̀ nínú agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀kọ́ 6 tí wọ́n fi ìrìn ìdárayá tí dókítà júwe kún sún mọ́ 24 gírígírí. Ní ọdún 2015, ìwádìí mìíràn lórí ènìyàn 517 tí ọrùn ń dùn fi hàn pé ẹ̀kọ́ náà dín ìrora ọrùn kù bákan náà.

Èyí ni ó jọ ìdáhùn sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ tí wọ́n fi òrí wọ́ lánàá. Ọwọ́ tí ó wọ́ ọ tú iṣan rẹ̀ ká, kò sì sí aburú níbẹ̀. Ó padà sóko ní ọjọ́ kejì, ó tún jókòó ti òkìtì bí ó ti ń jókòó, ó tún fa orí sẹ́yìn bí ó ti ń fà á.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí ní gbogbo ìgboro, owó rẹ̀ kò sì kéré níbi tí wọ́n wà. Nǹkan kan wà lára rẹ̀ tí kò ná ni ní kọ́bọ̀, tí àwọn olùkọ́ Alexander ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe nílé lójoojúmọ́. Ènìyàn yóò tẹ́ ẹní sílẹ̀, yóò dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, yóò fi ìwé méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ orí kí ọrùn má bàa fà sẹ́yìn, yóò ká orúnkún sókè kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀, yóò sì gbé ọwọ́ lé ikùn. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó. Kò ní sùn, kò ní na ara, yóò kàn máa rò ó pé kí ọrùn dẹ̀, kí ẹ̀yìn gùn kí ó sì fẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì rírọ̀ kò dára fún un, ilẹ̀ ni.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lágbára mọ́, tí kò lè di ìtọ̀ mú, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́yìn tí ó já láti orí igi kòkó tàbí lẹ́yìn ìjàǹbá ọ̀kadà, ọ̀ràn tirẹ̀ kọjá ẹní àti ìwé. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wọ́ ọ kí dókítà tó rí i.